Abọ́ Ogójì Tí Àlájì Àrìmíyàù Fi Ń Ṣọ́ Oúnjẹ Jẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi kí Àlájì Àrìmíyàù. Ẹ má kí i lásán o, ẹ kí i bó ṣe ń fẹ́: Ọba Abọ́ l'Ádjamé, Àwo-ńlá-tí-ń-bo-àwo-kékeré-mọ́lẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń tajà bí ẹni ń pín ogún. Òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ ní orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà kọ wọ́n sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èmi tí mo ń ta bùútà níwájú rẹ̀ sì ń kà á láràárọ̀, bóyá mo fẹ́, bóyá mo kọ̀.

Èmi ni ìyá Ṣàkírát. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wo ojú ọkùnrin yìí ní ọjà Adjamé, l'Abidjan níbí, nítorí náà ohun tí mo bá sọ fún yín, mo rí i ni.

Àlájì fẹ́ràn orúkọ rẹ̀ ju bí bàbá tó sọ ọ́ lórúkọ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ó wà lára aṣọ ìnura rẹ̀, lára ẹní tó fi ń kírun, lára agbòjò rẹ̀, àti lára bùútà tó fi ń ṣe àlùwàlá, tí èmi gan-an tà fún un. Ohunkóhun tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lára rẹ̀, á ní ti mẹ̀kúnnù ni. Ó ní ọ̀rọ̀ Faransé kan tó máa ń fi dé e ládé: personnalisé, ìyẹn ni pé tìrẹ nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá ti sọ ọ́ tán, á fi ọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó jẹ ẹran.

Bàtà rẹ̀ wá ńkọ́? Funfun báláú, ẹnu rẹ̀ rí ṣónṣó, ó sì há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àlájì á máa tiro bọ̀ nínú rẹ̀, á ní ìrìn ọlọ́lá ni.

Ó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀ odidi àpò kan. Bó bá ti mu ún, á sáré lọ tọ̀, bó bá tọ̀ tán, á tún bèèrè omi. Egbò kékeré kan wá yọ sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, níbi tí bàtà ti ń há a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, egbò kò jinná. Ni Kúlísúmù ìyàwó rẹ̀ bá fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà tipátipá.

Ìtọ̀ ṣúgà ni. Ẹ̀rọ sọ pé deux grammes quatre-vingts, ìyẹn ni pé gíráàmù mẹ́ta ló kù díẹ̀ kó pé, nígbà tí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í ju gíráàmù kan àti díẹ̀ lọ. Dókítà fún un lóògùn, ṣùgbọ́n ó ní oògùn nìkan kò lè ṣe é, àfi kó tún oúnjẹ rẹ̀ tò. Oṣù mẹ́ta ló dá fún un. Bí ṣúgà bá wálẹ̀, egbò á jinná. Bí kò bá wálẹ̀, wọn á gé ìka náà, nítorí bí wọn kò bá gé e, ẹsẹ̀ ló kàn.

Kúlísúmù sunkún láti ilé ìwòsàn títí dé ilé. Àlájì ní tiẹ̀ ń ronú ohun tí yóò máa dí ẹnu ṣónṣó bàtà náà bí ìka kò bá sí níbẹ̀ mọ́.

Dókítà rán wọn sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ingrid, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọ́ àwọn oníṣúgà bí wọn á ṣe máa jẹun. Ọmọ àwọn ará Àjàṣẹ́ ni, bàbá bàbá rẹ̀ ṣe tíṣà níbí láyé àwọn Faransé. Yorùbá rẹ̀ ń fẹsẹ̀ kọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dé ibi tó ń lọ.

Àga gbọọrọ kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ta ni Àlájì bá lórí àga náà? Tadjoudine ni, ẹni tó ń fi ọmọlanke, tí àwa ń pè ní wotoro níbí, ti ẹrù Àlájì láti ibi ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìtọ̀ ṣúgà ló gbé òun náà wá. Kúlísúmù sọ fún mi pé ṣe ni ọkọ òun jókòó sí etí àga níhìn-ín, tó fi ìyókù sílẹ̀ fún Tadjoudine, bí ẹni pé ṣúgà tálákà lè ran ṣúgà olówó.

Ingrid fún àwọn méjèèjì ní ìwé kan náà. Àwòrán abọ́ ló wà lórí rẹ̀, wọ́n fi ìlà pín in: ìlàjì fún ẹ̀fọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin fún atíéké, oúnjẹ gbáàgúdá ti ilẹ̀ yìí, tàbí ìrẹsì tàbí iṣu, ìdá kan tó kù fún ẹja tàbí ẹran. Àlájì yí ìwé náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn, kò rí orúkọ rẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ mi, ìwé tí o fún ẹni tó ń ti ẹrù mi náà lo fún èmi yìí?”

Ingrid ní, “Bàbá, ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ padà wá ní jeudi, ẹ̀yin àti màmá. Ẹ gbé abọ́ tí ẹ fi ń jẹun nílé dání. Ibẹ̀ la ó ti wá ṣe tiyín.”

Àlájì dé ọjà, ó rẹ́rìn-ín dé ibi tí fìlà rẹ̀ ti já bọ́. Ó pe gbogbo ìlà wa jọ, ó ní ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ àná sọ: òun tí òun ń ta abọ́ fún gbogbo Abidjan, wọ́n ní kí òun gbé abọ́ wá. Jeudi, ìyẹn Ọjọ́bọ̀, pé, kò lọ. Tadjoudine lọ. Ó di abọ́ rẹ̀ sínú làílọ́ọ̀nù dúdú, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì wọ gbàkà, ọkọ̀ akérò wa, lọ.

Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí nílé wa. Abọ́ baálé ló ń tóbi jù, ti ìyàwó á tẹ̀ lé e, ti ọmọ ló kéré jù. Bí àlejò bá wọlé tó bá abọ́ kékeré níwájú baálé, á rò pé ìjà wà nílé. Àwa tí a ń tajà sì mọ̀ pé abọ́ tánganran ní nọ́ńbà nídìí: mẹ́rìndínlógún, ogún, méjìlélógún, títí dé ogójì, tí gbogbo ọjà ń pè ní quarante. Quarante kì í ṣe abọ́ mọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Òun ni a fi ń fọ ìrẹsì ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Àwòrán tó wà nínú ìwé Ingrid kò ní nọ́ńbà. Ibẹ̀ ni Àlájì gbà wọlé.

Ó mú quarante kan nínú ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí i bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́, ó sì ní kí Kúlísúmù máa bu oúnjẹ òun sínú rẹ̀. Atíéké dúró ní ìdá tirẹ̀ bí òkìtì. Odidi ẹja méjì dùbúlẹ̀ ní ìdá tiwọn. Ẹ̀fọ́ gba ìlàjì, Àlájì sì jẹ ẹ́ o, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn, ó jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́ tó bọ́ sínú oko olóko. Kò sí ìdá kan tó kọjá ìlà. Kúlísúmù ní, ẹ jọ̀ọ́, abọ́ yìí tóbi.

Àlájì ní, “Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó gbọ́dọ̀ kéré? Fìlà erin kì í ṣe fìlà èkúté.”

Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lóòótọ́. Kúlísúmù wá sí ìdí igbá mi lọ́jọ́ kejì, ó jókòó, ó ń yí bùútà kan po lọ́wọ́. Nígbà tó yá ó ní egbò náà ti ń rùn díẹ̀. Mo ní kí ó fi ọ̀rọ̀ lọ ọmọbìnrin tí ń jẹ́ Ingrid yẹn. Ó ní òun ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dìde lọ, n kò bi í léèrè mọ́.

Ká ní ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀, n kò ní bá yín sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọlọ́jà kì í rí ohun tó dára kó má tà á. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ méjì tí pátákó tuntun yọ níwájú ṣọ́ọ̀bù: ABỌ́ ONÍṢÚGÀ, PERSONNALISÉ. Quarante ni gbogbo wọn, ìlà pupa ni gbogbo wọn. Bí o bá rà á, wọn á fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ sí i, owó rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta abọ́ tí kò lórúkọ.

Níbo ni wọ́n ń kọ orúkọ náà sí? Nísàlẹ̀ pátápátá nínú. Àfi kí o jẹun tán kí o tó rí i. Àlájì ní ìyẹn ló ń jẹ́ kí oníbàárà gbádùn oúnjẹ rẹ̀.

Wọ́n rà á. Kí ni wọn kò ní rà á sí? Ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n gba òun láyè láti jẹun nínú abọ́ ńlá, kí wọ́n sì pè é ní ìtọ́jú? Wọ́n wá láti Treichville, wọ́n wá láti Yopougon. Àwọn tó ti ń fi ẹkún jẹ ìdajì ìrẹsì nílé bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Èmi náà rà á, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Bàbá Ṣàkírát kò ní ìtọ̀ ṣúgà rárá, ó kàn rí orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú abọ́ ni, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí i.

Bí ẹnì kan bá bi Àlájì bóyá ó ti tún ṣúgà tirẹ̀ wò, á ní abọ́ tí wọ́n ti fa ìlà sí kò ní ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ bá a yẹ̀ wò. Ó ń sọ ọ́, ó ń tiro. Bàtà funfun ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kàn ti ń fi òwú dí i nínú.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta dókítà ku ọjọ́ méjì kó pé, ẹgbẹ́ wa ṣètò ọjọ́ àyẹ̀wò ṣúgà ọ̀fẹ́ fún àwọn ọlọ́jà, nínú ọgbà ilé ìwé kan lẹ́yìn ọjà. Àlájì ni wọ́n fi ṣe bàbá ìsàlẹ̀ ọjọ́ náà, tí wọ́n ń pè ní parrain, torí òun ló ra tẹ́ǹtì. Ó to abọ́ rẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni ń to àpò kòkó. Ó ní kí gbogbo oníbàárà òun gbé tiwọn wá, kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ó pàṣẹ fún Laurent akọ̀wé wa pé òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ gún níka, kí ó sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ka nọ́ńbà òun sí etí gbogbo èèyàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí kò sí ẹni tó rán an.

Ingrid ni wọ́n pè pé kó wá fi ẹ̀rọ yẹ èèyàn wò. Àlájì mọ̀. Ó ní ọmọ náà á wá rí bí àgbà ṣe ń parí ohun tí ọmọdé bẹ̀rẹ̀.

Ó dìde, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó gbé quarante tó kún fún atíéké, ẹ̀fọ́ àti ẹja síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀.

“Nílé ìwòsàn, ìwé kan náà ni wọ́n ń pín fún gbogbo èèyàn. Ṣé bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn? Abọ́ tèmi ní orúkọ yín nínú. Ẹ jẹun dé orúkọ yín, ṣúgà á bọ̀wọ̀ fún yín.”

A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mo ti ra abọ́, kí ni n bá ṣe?

Wọ́n ní kí Ingrid sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Àlájì, ó wo abọ́ náà dáadáa, ó ní ìlà inú rẹ̀ tọ́, kò sí èyí tó wọ́. Àlájì fi ọwọ́ nu ẹnu. Ingrid wá bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni gbé abọ́ tó fi ń jẹun nílé dání, tí kì í ṣe quarante. Láti ẹ̀yìn pátápátá ni Tadjoudine ti dìde, ó gbé abọ́ tirẹ̀ bọ̀ nínú làílọ́ọ̀nù dúdú. Nọ́ńbà méjìlélógún ni, tánganran rẹ̀ ti ń bó létí, Ingrid sì ti fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tirẹ̀ fa ìlà sí i láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ingrid mú ṣíbí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu atíéké kúrò nínú ìdá kan ti abọ́ Àlájì sínú abọ́ Tadjoudine. Ṣíbí mẹ́ta, ìdá ti Tadjoudine ti kún. Kò dúró. Ó bù ú títí gbogbo abọ́ náà fi kún, ó ní kí wọ́n gbé òmíràn wá, ìyẹn náà kún. Wọ́n gbé ẹ̀kẹta wá. Bó ṣe ń bù ú, àwa ń na ọrùn wò ó. Nígbà tí abọ́ mẹ́ta kún, atíéké ṣì kù ní ìdá náà.

Ingrid bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Bàbá, èèyàn mélòó ló ń jẹ nínú abọ́ yìí?”

Àlájì ń wo òkè tẹ́ǹtì. Kúlísúmù ló dáhùn láti ibi tó jókòó sí.

Ó ní, “Òun nìkan ni. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àwọn elépo, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òjò tó ń ti òkèèrè bọ̀. Àlájì ní kí wọ́n dákẹ́, ó ní ẹ̀rọ ni yóò ṣèdájọ́, ó sì na ìka. Ingrid gún un, ó wo nọ́ńbà náà, ó fi ọwọ́ bò ó, ó fẹ́ sọ ọ́ sí i létí. Ṣùgbọ́n Laurent kì í rú òfin. Wọ́n ti ní kó kà á, ó yọjú wò ó, ó sì kà á sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé títì: trois grammes quarante, gíráàmù mẹ́ta ààbọ̀ ló kù díẹ̀ kó pé. Tadjoudine ló tẹ̀ lé e. Un gramme quinze, gíráàmù kan àti díẹ̀, ni tirẹ̀.

Ẹ wá wo bí àwọn oníbàárà ṣe gbé abọ́ wọn kúrò lórí itan. Obìnrin kan láti Yopougon bèèrè lọ́wọ́ Àlájì bóyá ṣúgà òun náà ti bọ̀wọ̀ tó báyẹn. Ẹ̀tẹ́ ní í gbẹ̀yìn àṣejù, àwọn àgbà ti sọ ọ́, Àlájì ló ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn tún un sọ.

Ingrid kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Àlájì bọ́ bàtà ọ̀tún. Àlájì ní kò sí ìdí. Kúlísúmù dìde, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó sì fà á yọ fúnra rẹ̀. Òwú tẹ̀ lé e. Òórùn tẹ̀ lé òwú. Ìka náà ti dúdú létí, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Mo ti ń bá ọkùnrin yìí jà lórí ojú ọ̀nà omi tó wà láàárín ìsọ̀ mi àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, n kò mọ̀ pé mo lè káàánú rẹ̀ tó báyẹn.

Kúlísúmù ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ abọ́ kékeré kan jáde. Nọ́ńbà ogún ni, ìlà kútẹ́ẹ̀sì pupa wà nínú rẹ̀.

Ó ní, “Mo lọ ní jeudi ọjọ́ yẹn, èmi nìkan. Ingrid bi mí léèrè ohun tí ẹ ń jẹ, ìgbà tí ẹ ń jí, oúnjẹ tí ẹ kò lè fi sílẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Àtìgbà náà ni mo ti ń gbé e síwájú yín, ẹ̀yin ń tì í sẹ́yìn, ẹ ní abọ́ ọmọ ọwọ́ ni. Tiyín nìyí. Orúkọ yín wà létí rẹ̀, kí ẹ tó bu òkèlè lẹ máa rí i.”

Àlájì gbà á. Ó yí i po, ó ka orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tí kò rí i rí. Ó bi Ingrid bóyá wọ́n ṣì lè gba ìka náà là. Ingrid ní òun kò mọ̀, dókítà ló mọ̀, ṣùgbọ́n òní ni wọ́n ń lọ, kì í ṣe ọ̀túnla, òun á sì bá wọn lọ.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀, kí n tètè sọ ọ́: wọn kò gé e. Wọ́n fi ọ̀bẹ kó gbogbo ẹran tó ti kú níbẹ̀, èékánná sì bá a lọ, oṣù márùn-ún ni egbò náà fi jinná. Ẹ tún dá ojú padà sí ọgbà ilé ìwé.

Takisí kò lè wọ inú ọjà, títì ló dúró sí. Kí Àlájì tó dìde, àwọn oníbàárà ti ń ju abọ́ wọn sínú wotoro Tadjoudine lẹ́nu géètì, wọ́n ní kó bá àwọn dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Wotoro kún dé ẹnu. Gbogbo orúkọ ló kọjú sókè, ti Bàbá Ṣàkírát ló sì wà lókè pátápátá, èmi ni mo gbé e síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba àárín ọjà kọjá. Tadjoudine ń ti wotoro lọ níwájú, ó ń pariwo kí wọ́n yà fún òun. Àlájì ń bọ̀ lẹ́yìn, bàtà funfun lẹ́sẹ̀ kan, gèlè Kúlísúmù ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ kejì. Àwọn èèyàn jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ka orúkọ inú abọ́ sókè bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ilé ìwé. Àlájì kò wo ẹnì kankan lójú. Nǹkan kan wà lábẹ́ apá rẹ̀ tó dì mú ṣinṣin.

Ìyá arúgbó kan tó ń ta ilá, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, dá a dúró, ó kí i, ó sì bi í léèrè ohun tó gbé.

Àlájì fà á yọ kí ìyá náà lè rí i.

Ó ní, “Abọ́ mi ni.”